Ìlà Pupa Aago Mẹ́jọ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fo ibi tí ọ̀rọ̀ mi bá ti wọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà yanjú. Mo wọ Fọ́ọ̀mù Wán, mo lo táàmù méjì níbẹ̀, bàbá mi kú, mo sì jáde. Látìgbà náà, ohun tí mò ń kọ kò ju orúkọ mi àti orúkọ nǹkan tí wọ́n bá rán mi rà lọ́jà lọ, títí mo fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ́fíìsì. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ sísọ gan-an kò rọrùn fún mi. Ojú máa ń tì mí. Bí àgbàlagbà bá ti wò mí lójú, ohun tí mo fẹ́ sọ á há sí mi lọ́fun. Ìtìjú yẹn ló fa gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọ́fíìsì náà wà ní Yábàá, lẹ́yìn ọjà Tẹ̀júoṣó. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní èbúté, kí wọ́n kó o sí ilé ẹrù tí wọ́n háyà ní Ijọ́rà títí ẹni tó ni ín yóò fi wá kó o. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo wa wà, mánéjà nìkan ló wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Kázúà ni wọ́n gbà mí, ìyẹn ni pé mi ò ní lẹ́tà lọ́wọ́, wọ́n lè ní kí n má wá mọ́ lọ́la. Mò ń gbálẹ̀, mò ń po tíì, mò ń gbé ìwé lọ sókè, mò ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí fáànù dúró, èmi ni màá lọ fi èjìká ti fèrèsé tó máa ń há kó lè ṣí. Bó bá ti ṣí, afẹ́fẹ́ á kó gbogbo ìwé orí tábìlì, wọ́n á pariwo pé kí n tì í. Bí mo bá tì í tán, wọ́n á ní ooru fẹ́ pa àwọn. Tẹlifóònù kan wà níbẹ̀ tó máa ń dún, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ohùn ẹni tó ń pè. Síbẹ̀ wọ́n á ní, "Ìwọ, gbé e, àbí etí ẹ di?" Màá gbé e, màá ní "Ẹ ń lẹ́ o, ẹ ń lẹ́ o," títí ó fi máa sú mi, màá sì gbé e kalẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, èmi náà ni mò ń mú rẹ́jísítà.

Ìwé ńlá ni, èèpo rẹ̀ dúdú. Orí tábìlì kékeré ló máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, lábẹ́ aago ara ògiri. Ẹni tó bá wọlé láàárọ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìlà kan, á kọ aago tó dé, á fọwọ́ sí i. Bó bá di aago mẹ́jọ géérégé, màá fi rúlà àti bírò pupa fa ìlà kọjá lójú ìwé náà. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, abẹ́ ìlà pupa ló máa kọ orúkọ tirẹ̀ sí. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, màá gbé e lọ sókè fún mánéjà. Mánéjà kì í wo òkè ìlà rárá, ìsàlẹ̀ nìkan ló ń wò. Òfin rẹ̀ ni pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sábẹ́ ìlà lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù kan yóò gba kúẹ̀rì, ìyẹn lẹ́tà tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fèsì sí, kó sọ ìdí tí wọn kò fi ní fìyà jẹ òun. Kúẹ̀rì kì í kúrò nínú fáìlì ẹni mọ́.

Wọ́n gbé rẹ́jísítà fún mi torí pé èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé. Ìdí-Òrò ní Muṣin ni mò ń gbé, lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn. Bí ojúmọ́ bá ti ń mọ́, màá ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin, aago méje á bá mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn wákàtí yẹn. Kò sí ẹni tó ń pè mí. Màá gbálẹ̀, màá nu tábìlì, màá gbé omi kaná, màá wá jókòó sórí àga mi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó lórí bẹ́ǹṣì níta kí wọ́n tó fún mi ní àga yẹn, nítorí rẹ́jísítà.

Obìnrin tó jẹ́ olórí àwọn àkáńtì ló kọ́kọ́ bá mi sọ ọ̀rọ̀ àyè. Màdámù la máa ń pè é. Sùúrùlérè ló ń gbé, ọmọ mẹ́ta ló sì ń já sílẹ̀ ní ilé-ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láràárọ̀. Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹ̀ síwájú mi, ó ní:

"Ọmọ mi, lọ́la, bí o bá fẹ́ fa ìlà ẹ, jẹ́ kí àyè kan ṣẹ́ kù lókè fún mi. Ẹyọ kan péré."

Mo ní, "Ẹ̀n, mà." Kí ni mo tún lè sọ? Ó dàgbà ju ìyá mi lọ.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí oṣù tó parí, àyè kan ti di mẹ́jọ. Ní aago mẹ́jọ, màá fo ìlà mẹ́jọ lẹ́yìn orúkọ ẹni tó dé kẹ́yìn, kí n tó fa ìlà pupa. Àwọn tó ń pẹ́ á wọlé ní mẹ́jọ ààbọ̀, ní mẹ́sàn-án ku díẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ wọn sínú àyè, wọ́n á sì kọ pé aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú márùn-ún làwọn dé. Bí àlejò bá ka ìwé wa, á rò pé ọkọ̀ kan náà ló ń já gbogbo wa sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó máa ń lọ sí èbúté, aláwàdà ni. Òun ló sọ àyè yẹn di pílọ́ọ̀tì, tó sì sọ mí ní Ọmọ Onílẹ̀.

"Ọmọ Onílẹ̀! Pílọ́ọ̀tì tèmi dà?"

"Ó wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé kì í ṣe irà lo tà fún mi? Mi ò fẹ́ ilẹ̀ tí omi máa yalé o!"

"Kì í ṣe irà, sà."

"Ta ló kọ́lé sí kọ́nà yẹn? Màdámù? Á à, olówó ló ń gba kọ́nà!"

Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́, inú mi máa ń dùn. Látìgbà tí mo ti ń fi àyè sílẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ mí. Màdámù fún mi ní tìmùtìmù tó nípọn tí mo fi sórí àga. Ó tún máa ń fún mi ní mílíìkì agolo lákòókò tí mílíìkì ti di nǹkan ọ̀wọ́n, tí a máa ń mu tíì ní dúdú nílé wa. Ẹ̀gbọ́n aláwàdà yí fáànù kọjú sí tábìlì mi. Bí wọ́n bá ra pọfù-pọfù, wọ́n á ní kí n mú méjì. Gbogbo ohun tó mára tù mí níbi iṣẹ́ yẹn, inú àyè yẹn ló ti wá.

Àfi ẹnì kan, bàbá tó ń bá wọn tẹ lẹ́tà.

Bàbá yìí ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ju mánéjà fúnra rẹ̀ lọ. Bí mo bá dé ní méje, kì í ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí òun náà á fi dé. Á yọ aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀, á fi abẹ́rẹ́ yọ ìdọ̀tí kúrò lójú lẹ́tà tó bá dí. Màá po tíì ife méjì, òun á bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èmi náà kì í sọ̀rọ̀, ara sì máa ń tù wá bẹ́ẹ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di rúlà mú kí ìlà má baà wọ́. Ó ní, "Te ibi méjèèjì, má ṣe te àárín nìkan. Má sì wo bírò, ibi tí ò ń lọ ni kí o máa wò." Kò béèrè àyè lọ́wọ́ mi rí. Kì í pẹ́, kí ló fẹ́ fi àyè ṣe?

Ní ọdún yẹn ó ku oṣù mẹ́ta tí bàbá yóò fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣàìsàn, owó iṣẹ́ yẹn ló sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Ó tẹ lẹ́tà sí mánéjà pé kí wọ́n jọ̀wọ́ fi ọdún kan kún iṣẹ́ òun. Èmi ni mo gbé e lọ sókè. Mánéjà ní òun máa wò ó.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi méjì, wọ́n dá ìyàwó bàbá dúró sí ilé-ìwòsàn ńlá Ìdí-Àràbà. Láràárọ̀ bàbá á gbé ògì gbígbóná lọ fún un kó tó wá síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, aago mẹ́jọ ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà nígbà tó wọlé. Àwọn pílọ́ọ̀tì mẹ́jọ wà lókè ìlà, wọ́n ṣófo, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ni wọ́n kò tíì dé. Mo fi ìka mi sórí èyí àkọ́kọ́. Mo ní:

"Bàbá, ẹ kọ ọ́ síbí."

Ó wo aago ara ògiri. Ó ní, "Aago mélòó ló lù?"

"Ó kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, sà."

Ó fo gbogbo àyè náà, ó lọ sábẹ́ ìlà pupa, ó kọ orúkọ rẹ̀, ó kọ aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ó ní, "Ìgbà tí mo dé ni mo kọ yẹn." Kò bínú. Ó lọ yọ aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta ó tún pẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó tún pẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lábẹ́ ìlà. Òkè kún fọ́fọ́ fún àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó pẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, mánéjà pè mí sókè, ó fún mi ní bébà kan tó fọwọ́ kọ, ó ní kí n gbé e fún bàbá kó tẹ̀ ẹ́. Lórí àtẹ̀gùn mo rí orúkọ bàbá lókè bébà náà, mo sì mọ̀ pé kúẹ̀rì ni. Bàbá ló máa ń tẹ kúẹ̀rì gbogbo ènìyàn. Tirẹ̀ náà, òun ló máa tẹ̀ ẹ́.

Mo gbé e fún un, mo dúró tì í. Ó kà á tán, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Ó kó bébà mẹ́ta, ó fi kábọ̀n sáàárín wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ bó ṣe máa ń tẹ gbogbo lẹ́tà, kò yára, kò dúró. Nígbà tó yọ ọ́, ó kà á látòkè délẹ̀, ó nà án sí mi.

"Gbé e lọ fún ọ̀gá kí wọ́n fọwọ́ sí i. Kò sí àṣìṣe nínú ẹ̀."

Mo gbé e lọ. Mánéjà fọwọ́ sí i. Ó ní kí n gbé e padà fún bàbá, kí bàbá náà fọwọ́ sí i pé òun ti gbà á, kí n sì sọ fún un pé ọ̀la ni òun ń retí èsì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé bébà yẹn gba orí àtẹ̀gùn kan náà.

Màdámù dìde wá sídìí tábìlì bàbá. Àánú rẹ̀ ṣe é ní tòótọ́. Ó ní:

"Bàbá, ẹ̀yin náà! Ẹ ò bá ti ní kí ọmọ yìí fi àyè kan sílẹ̀ fún yín."

Bàbá ní, "Mo rí àyè náà, Màdámù."

Ẹ̀gbọ́n aláwàdà kò rí àwàdà ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ó ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọdún kan tí bàbá ń tọrọ ti lọ nìyẹn. Ó ní, "Ta ló máa fi ọdún kún ti ẹni tó gba kúẹ̀rì nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì?"

Mo jókòó sórí tìmùtìmù mi, ó dà bí ẹni pé ó gbóná. Èmi ni mo fa ìlà. Ká ní mo fà á síbi tó yẹ, ẹni mẹ́sàn-án ni mánéjà ì bá rí lábẹ́ rẹ̀, bàbá ni ì bá sì jẹ́ ẹni tó pẹ́ díẹ̀ jù lọ nínú wọn. Mo rò ó, mo dìde, mo gun òkè lọ, mo kan ilẹ̀kùn.

Mánéjà ní, "Kí ló dé?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Mo ti tò ó lórí àtẹ̀gùn. Ó gbójú sókè, ó wò mí.

Mo ní, "Ṣé kí n kó ife, sà?"

Ó ní, "Kó o."

Mo kó ife náà sọ̀kalẹ̀. Tíì ṣì kún ìdajì rẹ̀.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a ṣíwọ́, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màdámù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé bàbá nìkan kọ́ ló ń pẹ́."

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Ó ní, "Ṣé orí ẹ pé? Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ẹ tí mo ń bá ẹ lé kiri, ṣé o ò fẹ́ ẹ mọ́ ni? Ọmọ mi, gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá bẹ́, ìwọ lo fa ìlà o. Èmi kọ́."

Mo ní, "Ẹ̀n, mà."

Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo fà á. Bí mo ṣe ń rìn lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń gbọ́ lórí ojú irin: ìwọ lo fa ìlà. Ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn létí mi lọ́nà mìíràn. Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń fà á, a jẹ́ pé mi ò nílò kí n bẹ ẹnikẹ́ni. Mi ò nílò ẹnu. Kázúà ni mí, wọ́n lè lé mi, mo mọ̀. Màá tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbòmíràn. Kí n tó dé Ìdí-Òrò, ọkàn mi ti balẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, aago méje kò tíì lù tí mo ti ṣílẹ̀kùn. Mo gbálẹ̀, mo nu tábìlì. Mo mú tìmùtìmù kúrò lórí àga mi, mo gbọ̀n ọ́n, mo gbé e sórí àga Màdámù. Agolo mílíìkì tí mi ò tíì lù, mo gbé e síwájú rẹ̀. Mo yí ojú fáànù padà sí àárín ilé. Lẹ́yìn náà mo lọ jókòó sídìí rẹ́jísítà.

Ní aago mẹ́jọ, ènìyàn mẹ́rin péré ló ti dé, èmi náà ni mo ṣìkarùn-ún. Mo te rúlà níbi méjèèjì. Mo fa ìlà pupa sábẹ́ orúkọ ẹni tó dé kẹ́yìn, mi ò fo ẹyọ kan.

Bàbá wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, abọ́ ògì òfìfo wà nínú àpò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ojú ìwé náà, ó wo àga mi tí kò ní tìmùtìmù. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ìlà, ó fi èsì kúẹ̀rì rẹ̀ tó ti fi sí àpò ìwé lé mi lọ́wọ́, ó sì lọ sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n aláwàdà dé ní mẹ́jọ ààbọ̀. "Ọmọ Onílẹ̀, pílọ́ọ̀tì mi dà?"

Mo na bírò sí i, mo sì tọ́ka sí aago ara ògiri.

"Ha! Ìjọba ti gba ilẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó wo bàbá. Ó gba bírò, ó kọ aago mẹ́jọ ààbọ̀ sábẹ́ orúkọ bàbá. Àwọn tó kù ń dé lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan pòṣé, ẹnì kan bú mi. Màdámù ló dé kẹ́yìn. Ó wo ojú ìwé náà pẹ́, ó wò mí. Ojú tì mí gan-an, ṣùgbọ́n mo na bírò náà sí i títí ó fi gbà á.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ mo gbé rẹ́jísítà lọ sókè. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń gbé e kalẹ̀ ní pípadé ni, màá sì jáde. Lọ́jọ́ yẹn mo ṣí i síwájú mánéjà. Orúkọ mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ ìlà, ti bàbá ló ṣáájú. Mo gbé èsì bàbá lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mánéjà ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ sí wọn lónìí?"

Mi ò wo ojú rẹ̀. Ìlà pupa yẹn ni mò ń wò, ó gún régé.

Mo ní, "Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, sà. Bí wọ́n ṣe ń dé lójoojúmọ́ nìyí. Èmi ni mo máa ń fi àyè sílẹ̀ fún wọn."

Mo kó ife rẹ̀, mo rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, mo sì sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sórí àga mi.